Alùpùpù Tí Ẹ Ní Kí N Tà

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú gbogbo bí mo ti ń bí yín nínú láti bí oṣù mélòó kan. Níbi tí mo jókòó sí ní Ọ̀yọ́ yìí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín, gbogbo àyà ló kanlẹ̀. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Délé, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ibi tí wọ́n ti nà mí ti san. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà ní ojúlé kejì, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ kí gbogbo ẹni tó ń bá yín dárò mi.

Kí n tó lọ jìnnà, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹni tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Tíṣà, ọmọ àbúrò ìyá mi, mo kí ọ. Mo mọ̀ pé aláàánú ni ọ́, o kì í fẹ́ kí ọkàn ìyá wa dàrú. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ báyìí pé bí o bá ń ka lẹ́tà mi sí wọn létí, tí o bá ti dé ibi tí kò dára, ńṣe lo máa ń fò ó. Mo kọ̀wé nígbà yẹn pé mo ṣubú lórí alùpùpù, orúnkún mi bó, ìgúnpá mi bó, ṣùgbọ́n kò sí eegun tó kán. Èsì tí mo rí gbà ni pé inú ìyá mi dùn láti gbọ́ pé ara mi le, àti pé kí n rántí ra iyọ̀ bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka èsì yẹn. Ìdí rèé tí mo fi gbé ìwé ti ọ̀tẹ̀ yìí fún àwọn oníwèé ìròyìn kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ẹni tó mọ̀wé kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló máa rí i. Bí o bá fo ìlà kan, ẹlòmíràn á kà á fún wọn, nítorí náà, jọ̀wọ́, kà á bó ṣe wà.

Ìyá mi, ẹ ránṣẹ́ sí mi pé kí n ta alùpùpù mi kí ọdún Àjíǹde tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n má fẹsẹ̀ tẹ ojúde yín mọ́. Mo gbọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín. Mi ò fẹ́ tà á. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí láti ẹnu èmi tí mo gùn ún, títí kan ohun kan tí ẹ̀yin gan-an kò tí ì mọ̀, kí ẹ tó dá ẹjọ́ mi.

Iṣẹ́ ń lọ. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Apáàrà níbí, ẹ sì mọ̀ pé kò sígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í fa ṣòkòtò ya. Ọyẹ́ ti ọdún yìí le, ètè mi ti là, òwú ń já mọ́ abẹ́rẹ́, eruku sì ń bà sórí aṣọ funfun kí n tó rán an tán. Ìyàwó mi ti lọ bá Àbẹ̀kẹ́, ọmọ wa, wẹ ọmọ ní Ìbàdàn láti ìgbà iṣu tuntun, kò sì jọ pé ó ń padà bọ̀. Ọmọ tó lọ wẹ̀ ti ń jókòó báyìí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wẹ ara rẹ̀. Ilé wá dákẹ́ mọ́ mi lórí. Èmi ni mo ń dáná, èmi ni mo ń jẹ ẹ́, èmi náà ni mo ń ráhùn pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n rí ẹni kan tó máa pè mí ní Àkànní, nítorí ní Ọ̀yọ́ níbí, Télọ̀ lásán ni gbogbo wọn ń pè mí.

Ọ̀gá ilé-ìwé kan ló ta alùpùpù náà fún mi. Ó ní ìyàwó òun kò fẹ́ rí i sójú mọ́. Ó yẹ kí n ti bi í léèrè ohun tí ìyàwó rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ojú mi ti wọ ara irin náà, ó ń dán. Lọ́jọ́ tí mo tì í délé, gbogbo àdúgbò ló jáde. Àwọn ará ìjọ wa, aládùúrà ni wọ́n, wọ́n wọ́n omi sí i lórí títí ìjókòó rẹ̀ fi rin gbingbin. Alágbẹ̀dẹ tó wà níwájú ilé wa ní irin kì í wọ àdúgbò kí Ògún má gbọ́, ló bá ta epo pupa sí i ní táyà. Ẹlẹ́sìn Ìmàle kan tí ẹ ó gbọ́ nípa rẹ̀ láìpẹ́ náà ṣe Bísímílà sí i. Ẹ̀sìn mẹ́ta ló gbàdúrà sí alùpùpù yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró.

Ìmàle tí mo ní ẹ ó gbọ́ nípa rẹ̀ ni Bàbá Bọ́má. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ti ṣe sójà, ó sì bá wọn ja ogun ní ilẹ̀ Bọ́má. Ó ní alùpùpù lòun fi ń jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá òun níbẹ̀, nínú ẹrẹ̀, nínú òjò, pẹ̀lú ìbọn lẹ́yìn. Òun ni mo ní kó kọ́ mi. Ó ní òun á kọ́ mi bí ìjọba ṣe kọ́ òun, kò sí èyí tí a ó fò níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gun alùpùpù náà lójú kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó dúró lórí ìdúró rẹ̀, kò mira. Bàbá Bọ́má á ní kí n na ẹ̀yìn, n ó nà á. Á ní kí n wo iwájú, n ó wò ó. Oníbàárà kan wá pé kí n wọn òun fún agbádá ìgbéyàwó ọmọ òun. Bàbá Bọ́má kò jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀, bí mo ṣe jókòó sórí rẹ̀ náà ni mo ṣe wọn ọkùnrin náà léjìká. Agbádá náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kẹrin ó ní kí n tanná sí i. Ìyá mi, ariwo tó pa, bí ẹni pé mo jókòó sórí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa gbéra, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa yí jíà, ó sì ń sáré tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń pàṣẹ bí ẹni pé èmi àtàwọn ọgọ́rùn-ún èèyàn la jọ ń lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, mo bi í pé báwo ni mo ṣe máa dúró. Ó ní ìyẹn di ọ̀sẹ̀ kejì, pé bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn. Àna rẹ̀ bá kú ní Ìsẹ́yìn, ó lọ sìnkú. Ó ní kí n dúró de òun. Mi ò dúró.

Ọgbọ́n tí mo dá ni pé n kì í rọ ju ìgò epo kan lọ sínú rẹ̀. Ibi tí epo bá ti tán ni mo ti ń sọ̀ kalẹ̀, n ó wá máa tì í bọ̀ wálé. Ó ń lọ dáadáa bẹ́ẹ̀. Ohun tó kó bá mi ni ìkíni.

Ẹ̀yin náà ti wá sí Ọ̀yọ́, ẹ mọ̀ wọ́n. Wọn kì í fi ìkíni ṣeré níbí rárá. Kò sí ojúde tí àgbàlagbà kan kì í jókòó sí, tó ń wo ẹni tó ń kọjá, bí èèyàn bá sì kọjá láì kí i, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Wọn ó ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kí la tún ń retí. Ìyẹn ni mo ń sá fún. Láti kékeré lẹ ti ń gbá mi nípàkọ́ bí mo bá gbàgbé láti kí ẹnikẹ́ni, títí dé orí àwọn tí mo kórìíra. Nítorí náà, bí mo ṣe ń gun alùpùpù láti Apáàrà lọ sí Akẹ̀sán, bẹ́ẹ̀ ni mo ń kí wọn. Ṣùgbọ́n irin náà ń yá ju ẹnu mi lọ. Bí mo bá ní "ẹ kú" fún bàbá kan, ìyá tó ń ta òwú ní ilé kẹta ni "ìjókòó" á bọ́ sí lọ́wọ́. Wọ́n bá lọ fẹjọ́ mi sun olórí àdúgbò. Wọ́n ní mò ń ju ìkíni sí àwọn bí ẹni ń ju òkúta, mo sì ń sá lọ.

Ó di ọjọ́ kejì, mo fẹsẹ̀ rìn láti Apáàrà dé Akẹ̀sán, mo dọ̀bálẹ̀ ní ojúde mọ́kànlá. Gbogbo ibi tí mo ti kọjá ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo padà sí lọ́kọ̀ọ̀kan láti lọ parí ìkíni tí mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí n jókòó, kí n jẹun. Ìyá olówùú ní kí n wá rán bùbá fóun. Ojú ọ̀sán ti ń yẹ̀ kí n tó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, gbogbo ara ń ro mí.

Bàbá Onílé mi ló wá kù. Ẹ rántí wọn, àwọn ni wọ́n fún yín ní àga nígbà tí ẹ wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í dáhùn ìkíni ẹni tó dúró. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọn, kí àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń bọ̀ láti oko, ọkọ́ ń bẹ léjìká wọn. Èmi náà ń bọ̀ lórí alùpùpù ní ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé àti àpáta tí ìyàwó wọn sá gbodo, iṣu èlùbọ́, sí. Wọ́n rí mi. Wọ́n dúró sáàárín ọ̀nà, wọ́n gbé ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń retí pé kí n kí àwọn bó ṣe yẹ.

Ìyá mi, ọkàn mi kan ní kí n di irin mú. Ọkàn mi kejì ní, ta ni yóò gun irin kọjá lójú ẹni tó gbà á sílé? Ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ mi ló borí. Mo fọwọ́ méjèèjì ṣí fìlà. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e dáadáa, ṣùgbọ́n alùpùpù gba apá òsì lọ, ó wọ inú gbodo. Èmi gba iwájú lọ, mo sì balẹ̀ gbì ní ìdojúbolẹ̀ ní ẹsẹ̀ Bàbá, tọwọ́ tẹsẹ̀ ní nínà, fìlà ń bẹ lọ́wọ́ mi síbẹ̀. Bàbá wò mí. Wọn ò yí ojú padà. Wọ́n fi orúkọ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu yín pè mí, wọ́n ní, "Ó tó, Àkànní. Dìde, ọmọ mi."

Wọ́n gbé ọkọ́ wọn, wọ́n wọlé lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn pé nínú gbogbo àwọn tó ń gbé ilé àwọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ló mọ àgbà. Ìyàwó wọn tó ni gbodo kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní alùpùpù mi ti lọ gbodo òun kóun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ọlọ́lọ̀, àti pé ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú iyanrìn. Bùbá méjì ni mo rán fún un kó tó dá mi lóhùn.

Orúnkún àti ìgúnpá tó bó lọ́jọ́ yẹn ni mo kọ̀wé nípa rẹ̀, tí Tíṣà fi àánú fò. Dírẹ́bà ọmọ ilé wa kan rí mi ní Òwódé níbi tí mo ti ń tiro. Kò sọ̀ láti bi mí, ó kàn juwọ́. Ó dá mi lójú pé nígbà tó fi máa kúrò ní Ọ̀yọ́, ẹsẹ̀ mi ti rọ́. Ó dé Odò Ọbà, ẹsẹ̀ mi ti kán. Kó tó wọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti gé e. Ẹ̀yin náà sì gbà á gbọ́, nítorí ẹ ronú pé bí lẹ́tà mi kò ṣe sọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀, mò ń fi nǹkan pamọ́ fún yín ni.

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rán Ìyá Délé. Mo wà nídìí ẹ̀rọ, mò ń fẹsẹ̀ méjèèjì wà á, mo gbójú sókè, mo rí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò àgbo lórí àti ọ̀pá ìtìlẹ̀ tuntun lọ́wọ́, tí wọ́n gbẹ́ dáadáa. Wọn ò kí mi. Wọ́n wo ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n wo ti òsì, wọ́n tún wo ti ọ̀tún. Wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n sunkún. Bí mo ṣe ní kí n máa rẹ̀ wọ́n lẹ́kún ni wọ́n dìde, wọ́n sì fi ọ̀pá tí ẹ ní kí n máa fi rìn nà mí níwájú àwọn oníbàárà. Wọ́n ní ìyà tí mo fi ẹsẹ̀ tó pé jẹ yín kì í ṣe kékeré, ẹ ò jẹun fún ọjọ́ méjì. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀pá lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò lọ́dọ̀ mi. Wọ́n fi ẹní bo alùpùpù náà kí ojú wọn má baà rí i. Wọ́n jẹ́ iṣẹ́ yín ní àárọ̀, wọ́n tún un jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́: kí n tà á, kí n tà á, ọkùnrin tó ti rí ọmọ-ọmọ kì í gun irin kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń sìn wọ́n lọ wọ ọkọ̀, wọ́n bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá ó lè gbé èèyàn méjì. Ẹ má bínú sí wọn. Mo ti ní òtítọ́ gbogbo ni n ó sọ.

Ó kù kí n sọ ìdí tí mo fi rà á, èyí tí mi ò sọ fún Ìyá Délé, nítorí ẹkún ì bá tún bẹ̀rẹ̀, bóyá tèmi.

Ẹ rántí àìsàn tó ṣe yín nígbà òjò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni iṣẹ́ dé bá mi pé kí n máa bọ̀ kíá. Mo wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́rì náà kú sójú ọ̀nà, dírẹ́bà ní irin kan já nínú rẹ̀, pé wọ́n ti lọ wá a ní Ìlọrin. Ọkọ̀ tó ń kọjá kún dẹ́nu. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo tó dé. Mo wọlé, mo bá yín lórí ẹní, ojú yín pa dé. Ọwọ́ ọmọ aládùúgbò tó wá kí yín ni ẹ dì mú. Ẹ ń fọwọ́ pa á lára, ẹ ń sọ pé, "Àkànní, o ti dé. Mo mọ̀ pé o máa tètè dé." Ọmọkùnrin náà kò lè fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó ń wò mí. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó jalè.

Ọlọ́run ṣàánú, ara yín yá, ẹ dìde, ẹ sì bú mi pé mo ti rù. Ẹ̀yin ò rántí ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ò lè gbàgbé rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bí iṣẹ́ bá tún dé bá mi, mi ò gbọdọ̀ dúró de lọ́rì ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ kejì tí mo padà sí Ọ̀yọ́ ni mo ti ń wá ohun tí màá fi gbé ara mi wálé.

Bàbá Bọ́má ti dé láti Ìsẹ́yìn. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ mi ní bíréèkì, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun lòun kọ́ mi ní ti àkọ́kọ́. Mo lè dá a dúró báyìí níbikíbi. Nínú ìlú, bí mo bá rí àgbà, n ó dúró, n ó sọ̀ kalẹ̀, n ó fi alùpùpù ti ògiri, n ó dọ̀bálẹ̀, n ó tún gùn ún, n ó sì tún bá òmíràn pàdé ní ilé kejì. Ẹlẹ́sẹ̀ ń kọjá lára mi. Láàárín Ọ̀yọ́, alùpùpù kò wúlò fún mi rárá. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó dára fún un ni títì Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àgbààgbà kò jókòó sí.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé kò léwu. Bí lọ́rì bá ń kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ máa ń gbá mi sí ẹ̀gbẹ́, eruku á sì bo ojú mi tí mi ò ní rí nǹkan kan. Ewúrẹ́ kì í wo ọ̀tún, kì í wo òsì. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ojú mi kò mú bíi tàtẹ̀yìnwá, egungun mi kò sì tún le bíi ti ọmọdé. Ẹ̀rù ń bà mí nígbà gbogbo tí mo bá gùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn ń bà mí ju ti alùpùpù lọ, ìyẹn ni mi ò fi lè tà á láìbẹ̀ yín ná.

Ó wá ku ohun tí ẹ kò mọ̀. Sátidé tó kọjá tí mo wá kí yín, tí ẹ ní mo tètè dé, ẹ rántí? Mo fi aṣọ mẹ́ta wọ ara mi nítorí ọyẹ́, mo fi gèlè ìyàwó mi wé orí àti etí. Mo kúrò ní Ọ̀yọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Mò ń sọ fún ara mi pé rọra, Àkànní, rọra. Ní Odò Ọbà, àwọn obìnrin tó ń pọnmi kí mi pé ẹ kú ọ̀nà mà, mo sì dá wọn lóhùn. Nígbà tí mo dé Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, àyà mi já. Kì í ṣe ti ọ̀nà mọ́, tiyín ni. Mo fi alùpùpù náà sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ káfíńtà, mo ní kó bá mi fi pákó bò ó. Mo bọ́jú, mo gbọn eruku, mo sì fẹsẹ̀ rìn wálé bí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì.

Ẹ bi mí pé ọkọ̀ wo ló gbé mi tó fi yá tó bẹ́ẹ̀. Mo ní dírẹ́bà náà tètè gbéra ni. Ẹ bi mí pé ṣé kì í sá eré jù. Mo ní àgbàlagbà ni, ó ti ní ọmọ-ọmọ, ó máa ń rọra. Ẹ ní irú èèyàn tó yẹ kó máa gbé èèyàn nìyẹn, kì í ṣe àwọn oníwàdùwàdù. Ẹ bá gbé ọwọ́ yín sókè, ẹ ní: "Dírẹ́bà tó gbé ọmọ mi wá bá mi, ọ̀nà ò ní nà án. Ohun tó bá ń wà kò ní dojú dé mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó ṣe ń jáde ni á máa wọlé. Ojú ìyá rẹ̀ ò ní ṣomi lórí rẹ̀."

Mo ṣe àmín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi yíjú wò mí. Ẹ di àádùn sínú ewé, ẹ ní kí n rí i pé ó dé ọwọ́ dírẹ́bà náà, kí n má jẹ nínú rẹ̀. Ìyá mi, ó dé ọwọ́ rẹ̀. Lábẹ́ igi kan lẹ́yìn Odò Ọbà ló ti jẹ ẹ́ tán, omi sì ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Èmi ni dírẹ́bà náà. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu káfíńtà. Mo ti parọ́ fún yín, mo sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n àdúrà tí ẹ gbà yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á padà lórí mi.

Sátidé tó ń bọ̀ ni mo tún ń bọ̀. Mi ò ní sọ̀ ní Takie mọ́. Ojúde yín gan-an ni n ó gùn ún dé, ẹ ó gbọ́ ariwo rẹ̀ kí ẹ tó rí mi. Bí ẹ bá ṣì ní kí n tà á, ẹ jókòó sínú ilé, ẹ má dá mi lóhùn. N ó yí i padà lẹ́nu ọ̀nà, n ó sì tà á kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mi ò ní bá yín jiyàn, ìyá mi ni yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí n máa tètè dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ kàn jáde sí mi, kí ẹ ní, "Dírẹ́bà, káàbọ̀."

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ara yín á máa le sí i. Ẹ bá mi kí tilé toko, kí ẹ sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà tó kà á dé ibí.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní